Ọ̀fọ̀ Tí Kò Ní Abánikẹ́dùn: Ìfẹ́ Èèwọ̀ Nínú Fíìmù Brief Encounter

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. N kò tíì rí iṣẹ́ ọnà kan tí ó fi òdodo òwe yìí hàn tó fíìmù Brief Encounter. David Lean ni ó darí rẹ̀, ó sì jáde ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kọkànlá ọdún 1945. Ìpàdé ráńpẹ́ ni a lè pe àkọlé rẹ̀ ní èdè wa, ráńpẹ́ náà sì ni fíìmù ọ̀hún, nítorí pé ìṣẹ́jú 86 péré ni ó gbà. Síbẹ̀, ó ti tó nǹkan bí ọdún 80 tí àwọn ènìyàn ti ń wò ó, tí omi sì ń bọ́ lójú wọn. Nígbà tí British Film Institute gbé orúkọ àwọn fíìmù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dára jù lọ ní ọ̀rúndún ogún jáde ní 1999, ipò kejì ni wọ́n fi èyí sí. Ní Carnforth, ní agbègbè Lancashire, níbi tí wọ́n ti ya àwọn àwòrán ibùdókọ̀ ojú irin inú rẹ̀, wọ́n ti tún yàrá tíì ibẹ̀ ṣe kí ó lè jọ ti inú fíìmù, àwọn àlejò sì ń lọ wò ó. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni èyí: kí ló dé tí ìtàn ìfẹ́ kan tí kò dé ibì kankan, tí olólùfẹ́ kankan kò kú nínú rẹ̀, tí àwọn olólùfẹ́ náà kò sì fẹ́ ara wọn, ṣe pẹ́ tó báyìí lọ́kàn àwọn ènìyàn?

Fún àǹfààní ẹni tí kò tíì wò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí. Laura Jesson, tí Celia Johnson ṣe, jẹ́ ìyàwó ilé tí ó ti bí ọmọ méjì. Ní Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú Milford láti ra nǹkan, láti pààrọ̀ ìwé tí ó yá kà, àti láti wo sinimá ọ̀sán. Ní ọjọ́ kan ní ibùdókọ̀, pàǹtí èédú láti ara ọkọ̀ tí ó sáré kọjá kó sí i lójú. Dókítà kan tí ń jẹ́ Alec Harvey, tí Trevor Howard ṣe, fi etí aṣọ ìléwọ́ bá a yọ ọ́. Laura dúpẹ́, kálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Alec náà ti gbéyàwó, ó sì ti bímọ. Nígbà tí ó yá, wọ́n tún pàdé. Wọ́n jẹun pọ̀, wọ́n wo sinimá pọ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré pọ̀, wọ́n sì jẹ́wọ́ fún ara wọn pé ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó di àgbèrè gan-an, nínú ilé ọ̀rẹ́ Alec, onílé wọlé dé láìròtẹ́lẹ̀, Laura sì gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sá jáde sínú òjò. Lẹ́yìn èyí ni Alec gba iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní Johannesburg. Wọ́n dágbére. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí lámèyítọ́ béèrè ni pé ta ni ó ka ìfẹ́ yìí léèwọ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn ìfẹ́ èèwọ̀ tí ayé mọ̀, a lè nàka sí ẹni tí ó ń ṣe ìdíwọ́. Nínú Romeo and Juliet, ìjà ìdílé méjì ni. Nínú Mughal-e-Azam, fíìmù ilẹ̀ Íńdíà tí K. Asif darí ní 1960, ọba Akbar ni kò fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ Anarkali, oníjó ààfin. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ń rọ òǹwòran lọ́rùn, nítorí pé ó mọ ẹni tí yóò bínú sí. Lean kò fún wa ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kò sí bàbá tí ó fàáké kọ́rí, kò sí ọba, kò sí òfin tí yóò gbé ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n. Fred, ọkọ Laura, kì í lu ìyàwó, kì í mutí yó, kì í sì í rìnrìn òru. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń jókòó ti iná, ó ń yanjú àdììtú ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn, èyí tí a ń fi lẹ́tà dí àwọn ihò rẹ̀.

Àdììtú ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí a ń dúró wò. Ní alẹ́ ọjọ́ tí Alec lọ pátápátá, Fred ń wá ọ̀rọ̀ kan tí ó ní lẹ́tà méje, tí yóò parí ìlà ewì kan tí Keats kọ. Ó bi Laura, nítorí pé Laura ni ó mọ ewì nínú ilé wọn. Laura dá a lóhùn pé romance ni, ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìfẹ́ àti gbogbo àlá tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Fred wò ó, ó rí i pé ó bá ihò náà mu. Ọkọ ń wá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láti fi dí àlàfo nínú ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ náà gan-an sì ni ó ń jó ìyàwó rẹ̀ lọ́kàn ní ọ̀kánkán rẹ̀. Olùdarí mìíràn ìbá fi Fred ṣe yẹ̀yẹ́ níhìn-ín. Lean kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí Fred bá di ẹni yẹ̀yẹ́, yóò rọrùn fún wa láti ní kí Laura máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí àwa náà mọ̀. Ìgbàgbọ́ wà ní ilẹ̀ wa pé ọkọ tí ó bá fura sí ìyàwó rẹ̀ lè fi mágùn dè é. Túndé Kèlání gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú fíìmù Thunderbolt: Mágùn ní 2001. Ìdènà tí a gbé lé obìnrin láti ìta ni mágùn. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó wà lára rẹ̀ má tilẹ̀ mọ̀. Èèwọ̀ ti Laura yàtọ̀ sí èyí. Inú rẹ̀ ni ó wà. Òun ni ó gbé e kalẹ̀, òun ni ó ń ṣọ́ ọ, òun náà ni ó sì ń jìyà rẹ̀. Ní ọjọ́ tí òun àti Alec kọ́kọ́ wo sinimá pọ̀, ó délé bá a pé ọkọ̀ ti kọlu ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ náà kò fara pa púpọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún Laura pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó fà á, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi kí ó tó bọ́ fìlà lórí. Èèwọ̀ tí ènìyàn fi lélẹ̀ fún ara rẹ̀ nítorí àwọn tí ó fẹ́ràn kò ní àwúre, kò sì ní ìwẹ̀nù.

Orúkọ ìlú tí Alec ń lọ kò yẹ kí ó kọjá lásán lójú òǹwòran tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀. Nínú fíìmù náà, Johannesburg kàn jẹ́ ọ̀nà jíjìn, ibi tí ènìyàn lè lọ tí a kò ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ní Gúúsù Áfíríkà gan-an, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1927 ti sọ ìbálòpọ̀ láìṣe ìgbéyàwó láàárín òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú di ọ̀ràn. Ní 1949, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí fíìmù yìí jáde, òfin mìíràn ka ìgbéyàwó láàárín òyìnbó àti ẹni tí kì í ṣe òyìnbó léèwọ̀. Ó di 1985 kí wọ́n tó fagi lé e. Níbẹ̀, ọlọ́pàá lè jálẹ̀kùn nítorí ìfẹ́. N kò dá Lean lẹ́bi pé kò sọ̀rọ̀ nípa èyí, nítorí kì í ṣe ìtàn tí ó dáwọ́ lé nìyẹn. Mo mẹ́nu bà á kí a lè fi mọ irú èèwọ̀ tí a ń sọ nípa rẹ̀. Èèwọ̀ tí ìjọba bá fi lélẹ̀, a lè bá a jà, a sì lè fagi lé e. Ẹni tí ó jìyà rẹ̀ lè dìde lọ́jọ́ kan kí ó ròyìn ní gbangba, kí a sì kan sáárá sí i. Èèwọ̀ Laura kò ní ilé aṣòfin tí ó lè yí i padà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọjọ́ tí yóò lè ròyìn rẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n ìsọ̀tàn fíìmù náà ti wọlé nìyí. Òpin ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó ti ṣí, a wà nínú yàrá tíì ní ibùdókọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Albert Godby, òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀, ń bá Myrtle Bagot tí ń ta tíì ṣàwàdà. Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì yìí ni ojú wa kọ́kọ́ lọ. Ní igun kan, ọkùnrin kan àti obìnrin kan jókòó jẹ́jẹ́. A kò mọ̀ wọ́n. Dolly Messiter, ojúlùmọ̀ obìnrin náà, wọlé, ó jókòó tì wọ́n, ó sì ń sọ̀rọ̀ láìsinmi. Nígbà tí ọkọ̀ ọkùnrin náà dé, ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé obìnrin náà léjìká, ó sì jáde. A kò ka èyí sí ohun kan. Nígbà tí fíìmù ń lọ sópin, ìran náà tún padà wá, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀gbẹ́ Laura ni a wà. A ti wá mọ̀ pé ìṣẹ́jú ìkẹyìn tí àwọn méjèèjì yóò lò pọ̀ láyé ni Dolly fi ẹnu wẹ́wẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò lè di mọ́ ara wọn. Wọn kò lè sunkún. Ọwọ́ kan náà ni, èjìká kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, a kò sàn ju Dolly lọ. Àwa náà wo alángbá tí ó da ikùn délẹ̀, a sì rò pé ó ń yáàrùn ni. Ní ìgbà kejì, a ti mọ̀. Mo gbà pé ìdí pàtàkì kan tí àwọn ènìyàn fi ń padà sí fíìmù yìí ni pé ó ti fi ìwòran ẹlẹ́ẹ̀kejì sínú ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní lè wo yàrá tíì náà bí àlejò mọ́. Bí Albert àti Myrtle ṣe ń ṣàwàdà, igun ni ojú rẹ̀ yóò máa wò.

A gbọ́dọ̀ kíyè sí ẹni tí Laura ń sọ ìtàn náà fún pẹ̀lú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó sórí àga nílé, orin Rachmaninoff, kọnsẹ́ẹ̀tò kejì fún dùùrù, ń jáde láti inú rédíò. Inú ọkàn rẹ̀ ni ó ti ń sọ̀rọ̀, Fred ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀. Lójú rẹ̀, Fred nìkan ni ó ní ọgbọ́n àti sùúrù tí ó lè fi gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Fred nìkan náà sì ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Nínú Still Life, eré orí ìtàgé kékeré tí Noël Coward kọ ní 1936, tí wọ́n gbé fíìmù náà lé, kò sí ohùn yìí. Yàrá tíì nìkan ni gbogbo eré náà ti wáyé, ìjíròrò lásán ni a sì ń gbọ́. Fíìmù ni ó gbé wa wọ inú Laura. Láìsí ohùn yẹn, ìtàn àgbèrè tí kò wáyé ni a óò ní lọ́wọ́.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ènìyàn láàárín wa, ilé rẹ̀ máa ń kún. Ará àti ọ̀rẹ́ yóò wá kí i kú ará fẹ́ra kù, wọ́n á bá a jókòó, wọ́n á gbà á níyànjú. A kì í fi ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ sílẹ̀ lóun nìkan, nítorí a mọ ohun tí ìbànújẹ́ lè ti ènìyàn ṣe. Ta ni yóò kí Laura? Ọkọ rẹ̀ wà láàyè, àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn lókè, ilé rẹ̀ dúró, owó kò wọ́n wọn. Àdánù rẹ̀ kò ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè fi kí i. Nígbà tí Alec jáde kúrò ní yàrá tíì, Laura sáré jáde síbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá lọ pẹ̀lú eré burúkú, ó sì kù díẹ̀ kí ó bẹ́ sí i. Nígbà tí ó padà wọlé, Dolly rí i pé ojú rẹ̀ ti funfun, ó sì bá a wá bíráńdì. Kò sí ìkẹ́dùn mìíràn tí ayé ṣe fún un.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé èèwọ̀ inú fíìmù yìí kò gba ìfẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, wọ́n sọ ọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè gbà á padà. Ẹ̀tọ́ láti ṣọ̀fọ̀ ni èèwọ̀ náà gbà. Ó sì kan ọ̀pọ̀ ènìyàn ju àwọn tí ìfẹ́ èèwọ̀ ti bá lọ. Ta ni kò ní àdánù kan tí kò ṣeé sọ? Àwa òǹwòran nìkan ni abánikẹ́dùn tí Laura ní, bí a sì ti ń bá a dárò, a ń dárò tiwa mọ́ ọn. Ojú Celia Johnson, ojú ńlá tí ó ń sọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ, ni a ń kí.

Àwọn lámèyítọ́ kan ti tọ́ka sí ìgbésí ayé Coward fúnra rẹ̀. Ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó fẹ́ràn, òfin ilẹ̀ England sì ka irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn títí di 1967. Wọ́n ní ìtàn ara rẹ̀ ni ó fi aṣọ Laura àti Alec wọ̀. N kò ní fi ìtumọ̀ yìí pa ìtumọ̀ yòókù, nítorí ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ, ti ọkọ àti aya, rinlẹ̀ nínú fíìmù náà ju aṣọ ìbòjú lásán lọ. Ṣùgbọ́n ó bọ́gbọ́n mu pé ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ bí a ti ń jókòó láàárín èrò kí ojú má fi nǹkan kan hàn ni ó lè kọ ìran Dolly bí ó ti yẹ.

A tún lè fi àwọn aláwàdà inú rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àwọn kan rò pé ẹ̀rín lásán ni Albert àti Myrtle wà fún, mo sì ti gbọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé à bá yọ wọ́n kúrò. Bí a bá yọ wọ́n, a ti ba ìwọ̀n fíìmù náà jẹ́. Opó ni Myrtle, Albert sì ń dọdẹ rẹ̀ ní gbangba. Ó ń bú u, ó ń lé e, gbogbo oníbàárà ń gbọ́. Ìfẹ́ tiwọn ní ẹlẹ́rìí. Ní yàrá kan náà, lábẹ́ aago kan náà, ìfẹ́ kan ń pariwo, èkejì ń pa ohùn mọ́ra. Ariwo ti àkọ́kọ́ ni ó jẹ́ kí a gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti èkejì.

Àtakò tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ayé ti kọjá fíìmù yìí. Ẹ̀rín tilẹ̀ ti bá a láti ìbẹ̀rẹ̀. Lean fúnra rẹ̀ ròyìn pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi í han àwọn ará ìlú Rochester, ńṣe ni wọ́n ń fi àwọn olólùfẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Òfin tí England ṣe ní 1969 mú ìkọ̀sílẹ̀ rọrùn, akẹ́kọ̀ọ́ òde òní sì máa ń bi mí pé kí ló dé tí Laura kò kọ Fred sílẹ̀ kí ó tẹ̀lé Alec. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n òfin kò fìgbà kan jẹ́ kókó ìtàn yìí. Bí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ bá wà lórí tábìlì ní yàrá tíì náà, Fred kò ní tìtorí rẹ̀ di ènìyàn búburú, àwọn ọmọ kò sì ní kéré sí i lójú ìyá wọn. Ìdí nìyí tí òfin fi yí padà tí omijé kò yí padà. Ní 1974, wọ́n tún ìtàn náà ṣe fún tẹlifíṣọ̀n, Richard Burton àti Sophia Loren ni wọ́n sì fi ṣe é, àwọn òṣèré tí òkìkí wọn ju ti Johnson àti Howard lọ fíìfíì. Àwọn lámèyítọ́ kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò yani lẹ́nu. Bí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jókòó sí igun yàrá tíì, ta ni kò ní wò wọ́n? Ìtàn yìí ń fẹ́ àwọn tí ojú lè fò dá.

Ní ìparí, Fred ni ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó kíyè sí i pé Laura kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ní ibi yòówù tí àlá rẹ̀ gbé e lọ, kò jọ ibi ayọ̀, ó sì bi í bóyá ohun kan wà tí òun lè ṣe. Ó ní ó ti lọ jìnnà, ó sì dúpẹ́ pé ó padà sọ́dọ̀ òun. Àwọn kan ní Fred ti mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn ní kò mọ nǹkan kan. Fíìmù náà kò dá ẹjọ́ yẹn, n kò sì rò pé ó yẹ kí a bá a dá a. Ohun tí ó dájú ni pé ọkùnrin tí a rò pé ìwé ìròyìn nìkan ni ó ń wò ti rí alángbá tí inú ń run. Kò mọ irú ìrora tí ó jẹ́, nítorí náà kò lè bá a kẹ́dùn. Ẹ kú àbọ̀ ni ó rí kí i, bẹ́ẹ̀ Laura kò sì dìde lórí àga. Laura dì mọ́ ọn, ó sì sunkún. Lójú ọkọ rẹ̀ ni ó ti sun ún, láìsọ ohun tí ó ń sunkún sí.